Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le

"Mutinta, iná wo ló ń ṣa ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Siamunene, ọ̀gá wa ní yàrá àyẹ̀wò ní Lusaka, ń yọ ṣùtì sí i lójú gbogbo wa.

Mutinta kán ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀gá mú wá sínú gíláàsì kékeré tó ṣe láti fi wá jẹjẹrẹ, ó tan iná sí i.

Iná ń fa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sápá kan, ó ń ti èyí tó dáa sápá kejì.

"Jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, sà."

"Irọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ni mo mú wá, kí àṣírí ẹ lè tú."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn."

Ó pòṣé. "Nítorí gíláàsì? Mi ò lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá rọra fa apá ẹ̀wù rẹ̀ bo òwú tí wọ́n fi dí ojú abẹ́rẹ́ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.