Àwọn Àlejò Inú Fọ́tò

Fọ́tò yíyà nìkan ni fàájì tó kù fún Ìyá Fọlárànmí. Kámẹ́rà ọ̀fẹ́ ló ń lò, torí agbára rẹ̀ kò ká èyí tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù. Ọ̀fẹ́ ò sì wá lásán: kò sí fọ́tò tó yà tí àwòrán àwọn onípolówó kì í yọjú sí. Bó ya igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé, obìnrin ọlọ́ṣẹ á ti dúró tì í, á máa rẹ́rìn-ín. Bó ya fàráńdà, bàbá onítíì á ti jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ pè é láti òkè òkun.

"Màámi, mo ti bá yín sanwó kámẹ́rà. Àwọn èèyànkéèyàn yẹn ò ní yọjú mọ́. Fọ́tò yín á mọ́ wàyí."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ tìẹ náà á ṣe é fún ẹ."

Nírọ̀lẹ́, ó gbé kámẹ́rà sókè. "Bàbá onítíì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Ó ya fàráńdà. Àga lásán ló rí. Ó sún àga náà díẹ̀, ó tún un yà.

Ó pe ọmọ rẹ̀ padà.

"Fọlárànmí, gba owó ẹ padà."

"Kí ló dé, Màámi? Ṣé kò mọ́ ni?"

"Ó mọ́, ọmọ mi. Ó mọ́ bíi yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú kúrò nínú rẹ̀."