Ojú-Ìwé Aránṣọ Di Pupa

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ojú-ìwé tí aránṣọ fi ń gba iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì di pupa. Ẹni tó bá ṣí i kò rí aṣọ kankan mọ́. Ìkìlọ̀ gàdàgbà ló ń rí: ibí yìí léwu, wọ́n lè jà ọ́ lólè níbí, padà sẹ́yìn. Bùráúsà ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òun sì ni gbogbo ayé fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì.

Aránṣọ ké sí ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ kò jìnnà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà ló ti ń tún fóònù ṣe, kọ́tìnnì kan ló wà láàárín wọn.

“Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fojú mi rí.”

Ó wò ó, ó sì bú ilé-iṣẹ́ náà títí ẹnu fi gbẹ ẹ́. Wọ́n ti gba fóònù gbogbo ènìyàn tán, wọ́n tún fẹ́ máa sọ ẹni tó jẹ́ olè fún wa.

“Ibẹ̀ ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì òun ti kọ ìwọ̀n wọn,” ni ìyàwó wí. “Ó ní bí kò bá ṣí títí di Fúráìdè, aránṣọ mìíràn lòun máa gbé e fún.”

Yunifọ́ọ̀mù odindi ilé ìwòsàn ni. Nítorí rẹ̀ ni aránṣọ ṣe ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, tó sì gba nọ́ńbà tuntun fún ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò rẹ̀ ló bá a ṣe ojú-ìwé náà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀ sì gùn gbọọrọ, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò lórí tí kò nídìí. Láti ọdún tó kọjá ni ọkọ ti ṣèlérí pé òun máa ṣe é. “Ààbò rẹ̀ ni mo ṣì ń rò,” ló máa ń wí.

Ọ̀rọ̀ ààbò yìí ló sọ ọ́ di Ọ̀gá Ìṣọ́ra ládùúgbò. Gbogbo Sátidé ló ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọn ò ṣe ní kó sọ́wọ́ olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyá rẹ̀ ló sì máa ń jókòó síwájú pátápátá. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò le. Bí nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ bá ní kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ ara yín síbì kan, olè ni. Ẹ má ṣí i. Ẹ jù ú sí gúrúùpù wa, kí gbogbo wa tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni bùráúsà. Òun náà kì í ṣí i wò, kó má baà rú òfin ara rẹ̀.

Ó wá nọ́ńbà tí èèyàn lè pè ní ilé-iṣẹ́ náà, kò rí. Ó kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀rọ dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ àwọn lógún. Ó tún kọ. Ẹ̀rọ tún dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó fi hàn pé èèyàn lòun, kó tọ́ka sí gbogbo àwòrán tó ní kẹ̀kẹ́. Ó kùnà.

“Wọ́n ní mi ò mọ kẹ̀kẹ́,” ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. “Odindi èmi Ọ̀gá Ìṣọ́ra. Ẹ̀rọ ló wo ojú mi tó ní ẹ̀rọ bíi tòun ni mí.”

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé inú. Ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ṣì wà nínú páálí.

“Màmá gan-an ò tíì fi ìwọ̀n aṣọ ẹbí wọn ránṣẹ́,” ó wí. “Gbogbo ẹbí ni mo kọ̀wé sí. Àwọn nìkan ni ò dá mi lóhùn.”

“O kúkú mọ Màmá. Wọ́n á fẹ́ kó o fọwọ́ ara rẹ wọ̀n wọ́n ni.”

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọkọ kọ lẹ́tà tó kún fún èébú sí ilé-iṣẹ́ náà, ó pa á rẹ́, ó sì tún un kọ bí ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀,” ó wí. “Ẹnì kan ló fẹjọ́ rẹ sùn. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì yẹn, kó má rí oorun sùn.”

Òun fúnra rẹ̀ ni kò sùn mọ́jú.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì pè ní ọ̀sán Fúráìdè. “Aránṣọ, ẹ má bínú o. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn mi láti ṣí i. Wọ́n tiẹ̀ ní ọkọ yín ló kọ́ àwọn pé káwọn má fọwọ́ kan irú ẹ̀.”

Aránṣọ gbé fóònù sílẹ̀. Ó dùn ún débi pé kò lè sunkún. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí.

“Ó kéré tán, mo kọ́ wọn dáadáa,” ó wí.

Nírọ̀lẹ́, Màmá wọlé, aṣọ tí wọn ò tíì gé wà lábíyá wọn. “Gbogbo ẹbí ti ń wọ tiwọn. Ìyàwó mi, kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Màmá, mo kọ̀wé sí yín mà. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, tuntun yìí, ni mo fi kọ ọ́, pé kẹ́ ẹ wá kọ ìwọ̀n yín síbẹ̀.” Aránṣọ ṣí ọ̀rọ̀ náà, ó sì na fóònù sí wọn.

Màmá gbé awò sójú, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì fi ìdùnnú yíjú sí ọmọ wọn: “Ọ̀gá Ìṣọ́ra, ìwọ náà wá wo olè tó ní kí n wá sọ bí ìdí mi ṣe tó, èyí tí mo jù sí gúrúùpù ní Sátidé, tó o kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ kí gbogbo wa tó tẹ̀ ẹ́!”