Ihò Kan Tí Òkété Fún Gbogbo Ọmọ Rẹ̀

Àlọ́ mi rìn gbéregbère, kò yà sílé ọba. Ihò Òkété ló wọ̀.

Òkété ti darúgbó. Ihò rẹ̀ jìn, ẹkùrọ́ sì kún inú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jà bí òun bá kú. Ló bá ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́yìn ọ̀pẹ, ó ní, “Ìwọ ni mo fi ihò yìí sílẹ̀ fún. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, kí ìjà má baà dé.” Inú oníkálukú dùn, ilé sì tòrò.

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín tán, ariwo sọ. Ẹtu, àgbà àdúgbò, wá bá wọn dá sí i, ó fi orin bi wọ́n:

Ta ni Bàbá fihò fún?
— Èmi ni!
Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá?
— Èmi ni!

Orí Ẹtu dàrú, nítorí kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Ó ní, “Ẹ pe ìyá yín wá.”

Ìyá dé, ó ń wò wọ́n bọ̀ọ̀. “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Ṣebí èmi ló fún?”

Ó wọlé, ó fi ewé dí ẹnu ihò.

Láti ìgbà náà ni òkété kọ̀ọ̀kan ti ń dá gbẹ́ ihò tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti jókòó sinmi.