Nọ́ńbà Àpò Ẹ̀jẹ̀

Ìka obìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ti fẹ́ tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" kó tó rí i pé ètò àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ gan-an wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ pa rẹ́. Ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹnì kan ti so ẹ̀rọ náà mọ́ ojúlé àjèjì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fún un ní ètò tuntun; obìnrin náà ti yọ ojúlé yẹn kúrò, àmọ́ àwọn ètò tó ti ibẹ̀ wọlé ṣì jókòó pa, wọn ò jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ṣí.

"Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ọkùnrin kan tí ọkọ̀ gbá," nọ́ọ̀sì àgbà wí. "A ti rí ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà yìí ni nọ́ńbà àpò ẹ̀jẹ̀ náà wà."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó ń dá àwọn ètò náà padà sí ẹ̀dà wọn àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn bò ó. Nígbà tó dá ìkẹsàn-án padà, àkọsílẹ̀ ṣí. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń dúró de ẹ̀jẹ̀ sí.

Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Mo mọ̀," ni nọ́ọ̀sì náà wí jẹ́ẹ́. "Ka nọ́ńbà àpò náà fún mi."

Ó kà á láìṣàṣìṣe. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì sáré jáde tán ló tó dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó sì sáré tẹ̀ lé e.