Iyọ̀ Inú Ọkọ̀ Tí Kò Ní Awakọ̀

Ní ọdún 1993, Abdulganiyu tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ibùdó reluwé Ọ̀fà fẹ́ gbé Asiata níyàwó. Asiata gbà. Ìyá Asiata gbà. Alhaji Tàjùdéèn, bàbá rẹ̀, ni kò tíì gbà.

Ọkọ̀ ojú omi kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Jacob káfíńtà, ọ̀rẹ́ Abdulganiyu, ló kan pákó rẹ̀, kò sì gùn ju bẹ́ǹṣì ẹlẹ́ni méjì lọ. Abdulganiyu fi mọ́tò fáànù Peugeot yí abẹ̀bẹ̀ kékeré nídìí rẹ̀, ó gbé bátìrì alùpùpù sí i níkùn, ó sì tú rìmóòtù mọ́tò ìṣeré ọmọdé, ó tò ó mọ́ ọn. Bó bá tẹ bọ́tìnnì létí odò, ọkọ̀ á máa lọ láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ó ti kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn òyìnbó ń ṣe irú rẹ̀, èyí tó ń rìn lójú omi àti èyí tó ń rìn lábẹ́ omi, àti pé iṣẹ́ ọ̀hún ń gbòòrò sí i. Èrò tirẹ̀ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí iṣu àwọn ará Ojoku lè sọdá nígbà tí odò Ọ̀yun bá kún, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá iṣu rì.

Lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, ẹnì kan fi Alhaji ṣẹ̀sín lójú ẹbí méjèèjì pé àna rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ṣeré bí ọmọdé. Inú bí Alhaji, ó dìde.

“Ìjàkadì lorò Ọ̀fà,” ó ní. “A kì í jókòó gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Kí ọkọ̀ yẹn gbé abọ́ iyọ̀ sọdá odò, kó sì gbé e padà fún mi. Bí omi bá kan iyọ̀ yẹn, kí Abdulganiyu wá ìyàwó lọ síbòmíràn. Mo fi Ọlọ́run búra!”

Asiata wọ yàrá lọ, ó ń sunkún.

Asiata náà ló wá ròyìn fún Abdulganiyu lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ ti bẹ bàbá títí. “Ẹyin lọ̀rọ̀,” ni bàbá ń sọ ṣáá. “Bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.” Kò tilẹ̀ jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Láti ọjọ́ náà ni Alhaji ti ń yà ní ṣọ́ọ̀bù Abdulganiyu, bí ẹni tó ń wá àléébù.

“Bí bátìrì bá kú láàárín odò ńkọ́?”

“Kò ní kú, Bàbá.”

“Mo ní bó bá kú ńkọ́?”

“Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó kú, Bàbá.”

Alhaji kùn. Ó fi èékánná tẹ ìdí ọkọ̀ náà. “Pákó yìí mà rọ̀ o,” ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Jacob wọra.

Nígbà tó di Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, èrò pé sétí odò. Alhaji gbé ìwọ̀ ẹja rẹ̀ dání. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gáàdì reluwé, ẹja pípa ló fi ń najú. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ tó fi ń ká okùn, ó sì máa ń so òwú pupa mọ́ ọrùn gbogbo ìwọ̀ rẹ̀, èyí tó ń tú lára àsíá tó fi ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró láyé ìgbà kan.

“Ẹ ò rí nǹkan!” Jacob sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ la wá ṣe, ẹja ló wá pa.”

Alhaji bẹ̀rẹ̀ létí omi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé abọ́ iyọ̀ sínú ọkọ̀, ó di ìdí ọkọ̀ mú, ó sì tì í sódò. Lẹ́yìn náà, ó lọ jókòó sórí àpáta kan lápá òsì, ó ń tú okùn ìwọ̀ rẹ̀ sómi.

Abdulganiyu tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ lọ tààrà. Ní òdìkejì, Àjàní, àbúrò Alhaji, gbé abọ́ sókè, ó fi han gbogbo èèyàn pé iyọ̀ gbẹ, ó sì dá a padà. Èrò hó yèè.

Láàárín odò, bí ọkọ̀ ti ń padà bọ̀, mọ́tò dákẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Abdulganiyu tẹ bọ́tìnnì títí àtàǹpàkò fi ń ro ó. Asiata fi ìborùn bojú.

“Tẹ̀ ẹ́ dáadáa!” Jacob pariwo.

“Ẹ rọra o, ẹ má lé ẹja mi lọ!” Alhaji jágbe láti orí àpáta. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ ti tẹ̀, ó ń ká okùn tagbáratagbára.

Abdulganiyu ṣe Bísímílà, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀. Ọkọ̀ mì. Mọ́tò kò dún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá níwájú Abdulganiyu, ó sì forí lé ọ̀dọ̀ Alhaji.

“Ọkọ̀ ọmọlúàbí!” Jacob ń fò sókè. “Àna ló kọ́kọ́ lọ kí!”

Alhaji fi ọ̀bẹ gé okùn ìwọ̀ rẹ̀. “Ariwo yín ti lé ẹja mi,” ó ní. Ó gbé abọ́, ó tọ́ iyọ̀ wò, ó yí sí èrò. “Ó gbẹ. Abdulganiyu, o ti dá mi.”

Abdulganiyu dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrẹ̀. Asiata ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Kí oòrùn tó wọ̀, àgbẹ̀ méjì láti Ojoku ti ní kí Abdulganiyu ṣe tiwọn.

“Fi bátìrì tó lágbára ju tìẹ yìí lọ sí tiwọn o,” Alhaji sọ fún un bó ti ń kọjá lọ.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Abdulganiyu àti Jacob dojú ọkọ̀ náà dé kí wọ́n lè fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ti àwọn ará Ojoku, ibẹ̀ ni Abdulganiyu sì ti rí ìwọ̀ ẹja kan tó há sínú pákó rírọ̀ ìdí rẹ̀, tòun ti okùn tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, òwú pupa sì wà lọ́rùn rẹ̀.