Wilmer Kò Sọ Gíláàsì Ọkọ̀ Rẹ̀ Kalẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìlà méjì kẹ́ ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán ná. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kú níbẹ̀ kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

1.

Awakọ̀ bíi tèmi ni Wilmer, ní Tegucigalpa, olú-ìlú Honduras níbí. A jọ ń gbé èrò ni, àfìgbà tó ra jíìpù kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, tí gíláàsì rẹ̀ dúdú débi pé ẹni tó wà níta kò lè rí ẹni tó wà nínú. Láti ìgbà náà ló ti ní òun kì í ṣe ẹgbẹ́ wa mọ́. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń dá rìn, tí wọ́n gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, ló ń lọ pàdé ní ibùdókọ̀.

"Ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà yẹn ò lè mú yín dé ibi tí mo máa mú yín dé," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún wọn. "Ọmọ ìlú ni mí. Kò sí òkè tí mi ò lè gùn níbí."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹnu ló pọ̀ jù lára rẹ̀.

2.

Ọjọ́ Sunday kan, lọ́sàn-án gangan, ó gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Graciela, ará Uruguay. Obìnrin yìí ti rin Honduras já. Ó ti wo òkúta àtijọ́ ní Copán, ó ti sùn létí adágún Yojoa, ó ti bá adìẹ àti àpò àgbàdo há mọ́ inú bọ́ọ̀sì. Òun nìkan ni, nǹkan kan ò sì ṣe é, nítorí kì í wọ àdúgbò kankan láì kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Wilmer ní òun á mú un lọ jẹun nílé ìyá òun ní Loma Quemada, lórí òkè, níbi tí gbogbo olú-ìlú ti ń hàn kedere. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí Wilmer ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n yà gbé Marlen, àbúrò Wilmer obìnrin, lọ́jà tó ti lọ ra ìyẹ̀fun. Ẹnu ọ̀nà Loma Quemada ni Marlen ti ń ta baleada, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀wà. Kò sí ọmọ ìta lórí òkè náà tí kò tíì jẹ ti ọwọ́ rẹ̀.

Gbogbo àwa tá a ń gbé ìlú yìí la mọ òfin àwọn òkè wọ̀nyẹn, bí ìjọba ò tilẹ̀ kọ ọ́ síbì kankan. Bó o bá dé ẹnu ọ̀nà, wàá rọra, wàá sọ gbogbo gíláàsì kalẹ̀, kí àwọn ọmọ ìta tó ń fi ìbọn ṣọ́nà lè rí ojú rẹ. Bí wọn ò bá rí ojú rẹ, ọ̀tá tó wá pa wọ́n ni wọ́n kà ọ́ sí.

3.

"Bọ̀ọ̀dá mi, a ti ń dé o. Ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀," Marlen wí láti ẹ̀yìn.

"Nínú eruku yìí? Kí gbogbo atẹ́gùn tútù inú ọkọ̀ lè jáde?"

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Graciela náà ń wo ìta. Ọkọ̀ tó wà níwájú wọn ti ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ pátá, awakọ̀ rẹ̀ sì ti ṣí fìlà lórí. "Ọ̀gá, gbogbo èèyàn ló ṣí tiwọn. Ẹ jẹ́ ká ṣe bíi tiwọn."

Wilmer rẹ́rìn-ín. "Àjèjì lẹ jẹ́, àǹtí. Àdúgbò tí wọ́n bí mi sí rèé. Àwọn tó dúró sọ́hùn-ún yẹn, mo mọ bàbá wọn. Ṣé èmi ni mo máa wá kúnlẹ̀ kí ọmọ àná?"

"Àwọn tẹ́ ẹ mọ̀ ti kú, Bọ̀ọ̀dá mi. Àwọn tí kò kú wà lẹ́wọ̀n." Marlen ló wí bẹ́ẹ̀. "Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ò mọ̀ yín, wọn ò mọ ọkọ̀ yìí. Èmi ni wọ́n mọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n rí mi."

Ó tẹ bọ́tìnnì gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wilmer ti tì í pa láti iwájú.

"Jókòó jẹ́ẹ́," ó ní.

Géńdé kan jáde sójú ọ̀nà, ó na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró. Wilmer tẹ fèrè mọ́ ọn, ó sì fún ọkọ̀ níná.

4.

Wọn ò kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn dún, gíláàsì fọ́ wuuru, jíìpù sáré lọ kọlu ògiri. Ọta kan ya etí Graciela. Òmíràn wọ Marlen lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí òrùlé ọkọ̀, ó ta sí ẹ̀yìn orí Wilmer. Graciela fi ọwọ́ méjèèjì di ọgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Géńdé tó yìnbọn fa ilẹ̀kùn ṣí. Yobani lórúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ tún yìnbọn, ló bá rí ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

"Àǹtí Marlen?" Ó tún pè é. "Àǹtí Marlen?" Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀.

Wilmer bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń tú táyà, ó là á mọ́ Yobani lórí. Àwọn méjì yòókù tí wọ́n jọ ń ṣọ́nà dà bò ó. Wọ́n gba irin náà, wọ́n fi run ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, wọ́n tún fi ká eyín rẹ̀. Yobani ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú òun náà, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ gíláàsì kalẹ̀?" ó ń bi Wilmer. "À bá ti rí i. Ọlọ́run gbọ́, à bá ti rí i."

Marlen kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

5.

Mo wà níbi òkú náà. Ìyá wọn ò bú Wilmer. Ó jókòó tì í, ó gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, èyí tó ṣì dára.

"Wilmer, ìka mélòó ni wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì gíláàsì yẹn?"

"Ẹyọ kan, ìyá mi."

Ìyá jáwọ́ lára rẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó síbòmíì. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ títí dòní.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò lè purọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rìnrìn-àjò, bí ẹni tó ń gbé ibì kan bá ní kẹ́ ẹ rọra, ẹ rọra. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tẹ́ ẹ ti kúrò nílé tipẹ́, tiyín gan-an ló le jù. Ilé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lánàá kọ́ lẹ̀ ń padà sí lónìí, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń gbé ibẹ̀. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí awakọ̀ kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

Àwọn àgbà ní onílẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a máa tẹ̀ ẹ́ basubasu. Lọ́jọ́ yẹn, àjèjì ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ọmọ onílẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ basubasu, ilẹ̀ sì gbé àbúrò rẹ̀ mì.