Bàtà Tó Di Ṣíbí

Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtimáa yẹ àwọn ọmọdé wò kan ilẹ̀kùn ilé tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Òun ló sọ ní ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n yéé to ọmọ síwájú tábìlì bí ẹni tó wá jẹ́jọ́. Kí wọ́n máa tọ̀ ọ́ lọ sílé, kí wọ́n wo bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń wọṣọ, bó ṣe ń béèrè ohun tó fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ tí tíṣà ń wá kọ́ ọ nílé wọ̀ ọ́ lórí. Ọ̀gá rẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó kàn ní, "Ọmọ tó kẹ́yìn yẹn, gbogbo nǹkan ló ṣe pé níbí lóṣù tó kọjá. Tó bá wá di ilé tí kò mọ nǹkan kan, ìwọ̀n tìẹ ló bàjẹ́ nìyẹn. Tábìlì la ó padà sí."

Ìyá ọmọ ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Pálọ̀ náà mọ́ tónítóní. Bàbá àgbà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí itan. Aláyẹ̀wò kúnlẹ̀ kí i, bàbá náà sì mi orí.

"Bàbá ọkọ mi ni," ìyá ọmọ ní. "Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Aláyẹ̀wò rí i pé ìwé ìròyìn náà dorí kodò. Ó rẹ́rìn-ín sínú. Ó mọ àwọn àgbà tó ń fi ìwé kíkà bo oorun mọ́lẹ̀.

Tábìlì tí tíṣà fi ń kọ́ ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, débi pé ọmọ ọdún mẹ́rin náà, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, ní láti nàgà kó tó rí ohun tó wà lórí rẹ̀.

"Ìyá, tábìlì yìí mà ga jù fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ràn ẹ̀," ìyá dáhùn kíá.

"Ẹ má mikàn. Ẹ rántí ohun tí mo sọ lórí fóònù. Tó bá ṣe é lónìí bó ṣe ṣe é lọ́dọ̀ wa, ó ti yege. Tíṣà ò ní wá mọ́, a ó gbé e fún ọmọ ẹlòmíì. Ẹ ti bọ́!"

"A ti bọ́," ìyá ní, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oògùn kíkorò mì.

Aláyẹ̀wò gbé bàtà ọmọ náà sókè. "Kí lèyí?"

Ọ̀gá Kékeré wo bàtà. Ó wo apá ibi fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀díẹ̀. "Ṣí... bí."

"Ẹ ò rí i?" Ìyá rẹ̀ ò lè pa ayọ̀ mọ́ra. "Kò mọ̀ ọ́n!"

Ó ti pẹ́ tí Aláyẹ̀wò ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ti rí ìyá tó ń fi ètè sọ ìdáhùn fún ọmọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò tíì rí èyí tó ń yọ̀ nítorí pé ọmọ rẹ̀ pe bàtà ní ṣíbí.

Ó ní kí ọmọ di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ọmọ lò. Ti òsì wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíì gbàgbé síbẹ̀. Ó di gbogbo bọ́tìnnì lódìlódì, ó sì mí kanlẹ̀. Wọ́n gbé omi fún un, omi ń dà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. Ìyá rẹ̀ fa tówẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn àga bàbá àgbà, ó fi nù ún.

Ibi tí Aláyẹ̀wò ti ń gbìyànjú láti kọ èyí sílẹ̀ ni bíírò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí wọ abẹ́ àga. Ọ̀gá Kékeré fò dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú bíírò jáde. "Àǹtí, bíírò yín rèé. Ó ti dọ̀tí, ẹ jẹ́ kí n nù ún fún yín."

Ìyá rẹ̀ húkọ́.

Ọwọ́ òsì ọmọ já wálẹ̀. "Ṣíbí yín rèé," ó ní.

"Ẹ máà bínú," ìyá tọrọ àforíjì. "Ó máa ń ṣèèṣì gbọ́n nígbà míì."

Aláyẹ̀wò sún mọ́ ìyá ọmọ. "Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọmọ yìí ò ṣubú láìpẹ́ yìí? Ṣé kò ṣàìsàn?"

"Rárá o! Ara ẹ̀ le koko. Kò kàn mọ nǹkan kan ni. Kí tíṣà ṣáà máa bọ̀."

Kò sí ohun tó kù tí Aláyẹ̀wò lè ṣe. Ó ní ọmọ kò yege, pé tíṣà yóò máa bọ̀ fún ọdún kan sí i. Ìyá ọmọ wó sórí eékún. "Ẹ ṣeun, Àǹtí! Irú ayọ̀ yìí á kan ọmọ tiyín náà!"

Aláyẹ̀wò ò mọ̀ bóyá kóun ṣe àmín.

Ó jáde sí òpópónà, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó ti ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ létí. Lọ́la, wọn á nu eruku orí tábìlì, wọn á sì tún máa to àwọn ọmọ síwájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ti ń sọ pé ilé ni ọmọ ti ń fi ohun tó mọ̀ hàn, ilé yìí sì ti dójú tì í. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ló bá rántí pé òun ti gbàgbé agboòrùn. Ó padà. Ilẹ̀kùn ò pa dé tán, ó sì yọjú wọlé.

Ọ̀gá Kékeré dúró lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gíga náà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tún àwọn bọ́tìnnì tí bàbá àgbà fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan dì lódìlódì ṣe, ó sì ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Kì í ṣe ṣíbí, Bàbá àgbà, bàtà ni, ẹ fara balẹ̀, ẹ tún un pè, tíṣà yín ò ní lọ mọ́."